Ààwẹ̀ Fọláyẹmí

“Fọláyẹmí, wá jẹun.”

“Á gba ibi ire o.”

Hannah ti fọ ọwọ́ rẹ̀ tán nínú omi gbígbóná, ó sì ti bu òkèlè ẹ̀bà kan. Ó gbé e dúró lókè abọ́ ọbẹ̀ ilá, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ìwé àdúrà lórí itan.

“Tòní náà tún ni?”

“Tòní náà ni.”

“Ẹ gbà mí o!” ni Beatrice, ẹnì kẹta wọn nínú yàrá, kígbe. “Èmi tí mo bá gbààwẹ̀ dé ọ̀sán, ojú mi á ti máa rí ẹran lára ògiri. Ìwọ Fọláyẹmí, ṣé áńgẹ́lì ló bí ọ ni?”

“Fi í sílẹ̀ jàre,” ni Hannah dá a lóhùn. “Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ikùn jẹ́ ọlọ́run fún bíi tìrẹ.”

Fọláyẹmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé mìíràn, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Òórùn irú ti gba gbogbo yàrá náà. Ó ń gbọ́ bí Beatrice ṣe ń fa eegun ẹja lẹ́nu. Bí wọ́n bá tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n bá fi ọwọ́ fà á, tí wọ́n ní dandan ni, bóyá ìbá sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ta ni í fa ẹni tó ń gbààwẹ̀ wá sídìí abọ́?

Kò sì sí ààwẹ̀ kankan. Ebi ló wà níbẹ̀.

Ọdún 1991 ni. Onígbáméjì ti wọ Èkó pẹ̀lú òjò. Ní Ọ̀jọ́ àti ní Òkókómaikò, wọ́n ń gbé òkú jáde láìsí orin, ẹni tó bá sì ń bì ní òwúrọ̀ lè máà rí ìrọ̀lẹ́. Àwọn wolé-wolé wá sí ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí Fọláyẹmí ń lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan láàrin Ìbà àti Òkókómaikò, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú ìkòkò gbogbo àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ìyá Àpèkẹ́, tí àwọn ọmọ tí kò rí já jẹ ń jẹ ẹ̀wà àti gàrí lọ́dọ̀ rẹ̀, di ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, kò sì padà wá mọ́. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ ni èyí tó wà nínú ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń fi àwo ìrẹsì ṣe ọjà wúrà.

Gàrí tí bàbá Fọláyẹmí máa ń fi ránṣẹ́ láti Ìkọ́lé Èkìtì náà kò wá mọ́. Dírẹ́bà lọ́rì kan ló máa ń bá a já a sí Ìyànà Ìbà. Wọ́n ní onígbáméjì ti pa ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, dírẹ́bà sì búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ Èkó mọ́ títí àrùn náà yóò fi lọ. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá náà. Iṣu ni àwọn ọmọ ìjọ fi ń san owó oṣù fún un, a kò sì lè fi iṣu sínú àpòòwé.

Ìyá Fọláyẹmí ìbá ti wá ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n ó ti kú lọ́dún tó kọjá, nígbà ọyẹ́. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ju ìró méjì, ìwé orin kan, àti ẹ̀kọ́ ilé. Òun ló kọ́ ọ pé bí èèyàn bá bá àwọn ẹlòmíràn nídìí oúnjẹ, tí wọ́n ní kó wá jẹ, ìdáhùn kan ló wà: á gba ibi ire. Ẹni tó bá tẹ́ ọwọ́ ní ìpè àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ ló bú. “Bí wọ́n bá fẹ́ kó o jẹ ẹ́ dénú,” ni obìnrin náà máa ń wí, “wọn á pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbé Èkó rí. Ní Èkó, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń pè.

Kò gbèrò láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Beatrice ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Kí ló dé tó ò jẹun láti àná?” ló bi í ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. “Àbí o ń gbààwẹ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lé Fọláyẹmí lára bí aṣọ tí èèyàn jù bo ẹni tó wà ní ìhòòhò. Ó fà á mọ́ra. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Láti ìgbà náà, ó ń jẹ ohun tí kò lórúkọ. Nọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi sísè fún ẹni tí àrùn bá mú. Bí àwọn méjì yòókù bá ti jáde lówùúrọ̀, Fọláyẹmí á po tirẹ̀ sínú ife, á jókòó tì í, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń mu ògì. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ ìkòkò. Á gbé e lọ sẹ́yìn ilé, á fi èékánná ha èépá oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, á gbé e mì kí ẹnikẹ́ni tó yọ sí i.

“Wo ìrẹ̀lẹ̀,” ni Hannah sọ fún Beatrice. “Ẹni tí kò bá wa jẹun ló ń bá wa fọ ìkòkò.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹgbẹ́ àdúrà. Túnjí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, dìde láàrin ìpàdé, ó ní kí wọ́n wo arábìnrin tó ń fi ara rẹ̀ rúbọ kí àrùn lè kúrò ní Èkó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Sísítà Fọláyẹmí, àní àwọn tó jù ú lọ pàápàá. Wọ́n á fi àga sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, bó bá ti rí i, á yára fi í pamọ́ sẹ́yìn kó má bàa dán an wò.

Ní Wẹ́sidé kan, wọ́n ní kó wá ṣíwájú àdúrà. Ó dìde. Òòyì kọ́ ọ, ilẹ̀ gbéra wá pàdé rẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì.

“Halelúyà!” ni gbogbo ilé hó. “Ó ti bà lé e!” Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yí i ká. Kò sẹ́ni tó bu omi wá. Nígbà tó la ojú, Túnjí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí.

“Kí lo rí, sísítà? Kí ni wọ́n fi hàn ọ́?”

Ahọ́n rẹ̀ gbẹ. “Tábìlì,” ló wí.

“Tábìlì! Kí ló wà lórí rẹ̀?”

“Oúnjẹ.”

“Ìṣẹ́gun ni!” ni Túnjí kígbe. “Tábìlì ìṣẹ́gun ni o!” Wọ́n sì kọrin títí ohùn wọn fi há.

Láàrin ìgbà yẹn ni àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kó ọkọ̀ ẹ̀wà, ìrẹsì àti mílíìkì wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sára àpò kọ̀ọ̀kan. Fọláyẹmí wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ jù. Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé, ọ̀gá tó ń mójú tó ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, dìde, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dààmú mọ́. Bí wọ́n bá ti yẹ oúnjẹ náà wò, tí wọ́n rí i dájú pé kò sí àrùn nínú rẹ̀, wọn yóò máa sè é fún gbogbo ọmọ lójoojúmọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Fọláyẹmí bá ń lọ sí kíláàsì, ẹ̀yìn ilé ìdáná kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa ń gbà, bó tilẹ̀ jìn, kó lè wò ó bóyá èéfín ń rú. Aláǹgbá ló ń bá lórí àdògán.

Ní ọ̀sán Sátidé ni Túnjí wá pè é.

“Sísítà, iṣẹ́ Olúwa dé. Onígbáméjì ti mú obìnrin tó ń fọṣọ fún wọn nílé Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé. Ẹ̀rù ń ba Mọ́mì. Wọ́n ní ẹni tó ń gbààwẹ̀ yẹn gan-an ni káwọn rí, kó wá gbàdúrà yí gbogbo ilé ká.”

Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé ni bàbá ẹgbẹ́ wọn. Òun ló ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń kọrin, aya rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì, ló sì ra aṣọ tí wọ́n ta sórí tábìlì àdúrà. A kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Hannah ní òun á sìn wọ́n lọ.

Ẹ̀yìn ọgbà ni ilé náà wà, níbi tí àwọn olùkọ́ àgbà ń gbé. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn ni òórùn dòdò ti jáde wá pàdé wọn lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ Fọláyẹmí dúró, gbogbo ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Ó ti ń bẹ̀rẹ̀,” ni Túnjí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Hannah létí.

Florence Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin Oǹdó kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Fọláyẹmí dìde.

“Ìwọ nìyẹn! Wo bó o ṣe rù, ọmọ mi. Ẹ wo ohun tí ìfẹ́ Ọlọ́run ń ṣe o.” Omi lé sí i lójú. “Wọlé. Má fi yàrá kan sílẹ̀.”

Wọ́n gba pálọ̀ kọjá, níbi tí Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé jókòó sí tó ń ka ìwé ìròyìn. Ó mi orí sí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Fọláyẹmí gbàdúrà ní yàrá àwọn ọmọ, ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ó gbàdúrà ní ilé ìwẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ, ìyáàfin sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

“Ó ku ibì kan,” ni ìyáàfin wí, ó sì ṣí yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. “Ibí gan-an ni kó o ti gbà á dáadáa. Mo rí kòkòrò kan láàárọ̀. Mọ́ńdè ni àwọn oníbàárà wa láti Alábà ń bọ̀ wá kó wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bà jẹ́ kí wọ́n tó dé.”

Àpò ẹ̀wà ni. Àpò ìrẹsì ni. Wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn dé àjà, páálí mílíìkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde wà lára àpò kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà aláwọ̀ ewé náà kò tíì ṣá rárá.

Hannah ń wo ilẹ̀. Túnjí ń wo fèrèsé. Fọláyẹmí gbé ọwọ́ lé àpò tó sún mọ́ ọn jù. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀wà kéékèèkéé tó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí nǹkan ẹlẹ́mìí. Ó ya ẹnu láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá.

“Àmín!” ni Túnjí wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé pálọ̀, wọ́n ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì: ìrẹsì, ọbẹ̀ ata tí òróró lé téńté sí lójú, àti àwo dòdò.

“Túnjí, Hannah, ẹ wá jẹun,” ni ìyáàfin wí. “Sísítà wa, ìwọ, mo mọ̀ pé o kò ní fẹnu kàn án. Máa wá jókòó síbí, kí òórùn má bàa…”

“Mo máa jẹ, mà.”

Ìyáàfin Bánkọ́lé rò pé etí òun ni. “Kí lo wí?”

“Mo ní mo máa jẹ. Ẹ ṣeun, mà.” Fọláyẹmí ti fa àga kan, ó sì ti jókòó.

“O ti ṣínú ni?”

“Mi ò gbààwẹ̀, mà. Ebi ló ń pa mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa mí.”

Ìwé ìròyìn sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé. Túnjí rẹ́rìn-ín kan tí kò dún bí ẹ̀rín. “Ó ń ṣàwàdà ni, Mọ́mì. Sísítà, dìde.”

“Mi ò ṣàwàdà, bùrọ̀dá.”

Ìyáàfin na ọwọ́, ó fi ìdérí dé abọ́ ìrẹsì. Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ wá sójú rẹ̀, ẹ̀rù ni. “Ta wá ló gbàdúrà sínú ilé mi? Túnjí, irú èèyàn wo lo mú wá? Òpùrọ́ ló gbé ọwọ́ lé orí àwọn ọmọ mi! Nínú àrùn yìí! Yéè, mo gbé!”

“Florence,” ni ọkọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. “Má pariwo. Túnjí, mú un lọ. Rọra.”

Àwo dòdò kò jìnnà sí ọwọ́ Fọláyẹmí. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ó sì tẹ̀ lé Túnjí jáde.

Ní ẹnu géètì, Túnjí yà kúrò lọ́dọ̀ wọn láìdágbére. Fọláyẹmí àti Hannah ń rìn lọ sí yàrá wọn ní Òkókómaikò létí ọ̀nà márosẹ̀. Hannah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tó ò sọ fún wa?”

“Ẹ ní kí n wá jẹun, mo ní á gba ibi ire.”

“Ìwọ lo sọ pé o ń gbààwẹ̀!”

“Beatrice ló sọ ọ́. Èmi kàn ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“O wá lọ dójú tì wá nílé onílé. Tó o bá ti lè sọ fún Mọ́mì, kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀wà yẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́,” ni Fọláyẹmí wí. “Tiwa ni, Hannah. O rí ọ̀dà ara rẹ̀.”

“Mi ò rí nǹkan kan.”

“O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

“Fọláyẹmí, jọ̀ọ́.” Hannah dúró, ohùn rẹ̀ ti ń já. “Bàbá mi ń tún ọkọ̀ ṣe. A ò mọ ẹnì kankan. Ọ̀mọ̀wé ló bá mi sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà mí wọlé síbí. Mi ò rí nǹkan kan. Ìwọ náà, má rí i.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Hannah àti Beatrice ti jẹun. Wọ́n fa ilẹ̀kùn, wọn kò tì í tán. Fọláyẹmí ń gbọ́ ṣíbí, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ń retí ohùn tó máa pe orúkọ rẹ̀. Ó ti mú ìdáhùn mìíràn dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò wá, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Nígbà tó jáde láti bá wọn gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Ẹgbẹ́ àdúrà pé jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nínú kíláàsì ńlá. Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé àti aya rẹ̀ jókòó níwájú lórí àga onítìmùtìmù. Wọn kò fi àga sílẹ̀ fún Fọláyẹmí. Túnjí pè é jáde, ó ní kó dúró síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

“Sísítà Fọláyẹmí, ní ojú Ọlọ́run àti ènìyàn, ṣé o gbààwẹ̀ àbí o ò gbà á?”

“Mi ò jẹun.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, bùrọ̀dá. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé mi ò jẹun.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n sọ fún un pé kó dákẹ́.

“Ó wó lulẹ̀ níbí, ó ní òun rí ìran!” ni obìnrin kan wí.

“Mi ò ní mo rí ìran. Mo ní mo rí oúnjẹ.”

“Ààwẹ̀ tí a kò yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ebi ni,” ni Túnjí wí bí ẹni ń ṣe ìdájọ́.

“Ebi ni,” ni Fọláyẹmí dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí. Ẹ̀wà tí wọ́n sì kó wá fún wa, ilé Ọ̀mọ̀wé…”

Túnjí ti gbé orin. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ kíákíá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ẹnu Fọláyẹmí ń mì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń jáde níbẹ̀. Ó sọ ọ́ dé òpin, ó sì dákẹ́, orin náà kò tíì tán.

Nígbà tó tán, Ọ̀mọ̀wé Bánkọ́lé dìde. Ó na ọwọ́ pẹ̀lẹ́ sí wọn.

“Ẹ má dá ọmọ náà lẹ́bi,” ló wí. “Ọmọdé ni, kò sì ní ìyá. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún un, kí Olúwa mú ẹ̀mí irọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ di ojú yín. Kí oníkálùkù gbà á nínú ọkàn, láìsọ̀rọ̀.”

Wọ́n di ojú. Ilé pa rọ́rọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè gbọ́ ìyẹ́ eṣinṣin lójú fèrèsé.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni ikùn Fọláyẹmí kígbe. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń kérora, ó fà gùn, ó ró láti iwájú dé ẹ̀yìn kíláàsì. Òun nìkan ló la ojú sílẹ̀. Ó ń wò wọ́n láti ìlà dé ìlà. Ìyáàfin Bánkọ́lé fún ọwọ́ ọkọ rẹ̀ pọ̀. Ẹyinjú Hannah ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, omi sì ń ṣàn jáde níbẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ikùn náà tún ké.

Kò sẹ́ni tó la ojú.